Àwọn Erékùṣù Orí Ilẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, àìrìn-jìnnà ni a kò rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí ènìyàn bá rìn jìnnà, yóò rí abuké erin. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti tipa bẹ́ẹ̀ gbà pé ọ̀nà jíjìn nìkan ni ohun ìyanu wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, èmi a máa bi àwọn ọmọ kíláàsì mi léèrè pé ibo ni wọ́n fẹ́ fi ojú rí jù lọ ní ayé. Ìdáhùn wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ara wọn. Ẹni kan á ní Zanzibar ni. Ẹlòmíràn á ní Barbados. Òmíràn á ní erékùṣù kan tí òun kò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí òun ti rí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù, tí iyanrìn rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun, tí omi rẹ̀ sì mọ́ gaara. N kò bá wọn wí. Ó dára kí ọmọ ènìyàn ní ìfẹ́ láti rí ayé. Ohun tí ó ń ṣe mí ní kàyéfì ni pé, láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní Ìkàrẹ́, kò tíì sí ẹni kan ṣoṣo tí ó dá mi lóhùn pé Ọ̀kà ni òun fẹ́ rí, bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀kà kò jìnnà ju ibi tí ènìyàn lè lọ ní òwúrọ̀ kí ó sì padà ní ìrọ̀lẹ́.

Kí ni à ń pè ní erékùṣù? Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé sọ fún wa pé ilẹ̀ tí omi yí ká ni. Bẹ́ẹ̀ ni Ìsàlẹ̀ Èkó rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Pànyá, tí ń jẹ́ Bioko lónìí, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti lọ ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó ní ayé ìjọba Sípéènì. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀, a óò rí i pé kì í ṣe omi nìkan ni ó ń sọ ilẹ̀ di erékùṣù. Èkíní, erékùṣù a máa dá dúró. Ẹni tí yóò dé ibẹ̀ ní láti yà kúrò lójú ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ń tọ̀. Èkejì, ohun tí ó ń gbé ibẹ̀ lè máà sí ní ibòmíràn. Ẹ̀kẹta, ẹni tí ọ̀tá ń lé lè fi í ṣe ibi ìsádi. Ẹ̀kẹrin, bí ó bá parun, kò sí òmíràn tí a lè fi dípò rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àmì mẹ́rin wọ̀nyí sọ́kàn, nítorí a óò tún bá wọn pàdé.

Ní ọdún 1900, onímọ̀ kan tí í ṣe ọmọ Jámánì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Wilhelm Bornhardt, tẹ ìwé kan jáde nípa apá kan ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà tí òun ti rìn já, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ Tanzania lónìí. Níbẹ̀ ni ó ti rí àwọn òkè olókùúta tí wọ́n dá dúró gedegbe lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n ti yọ orí sókè jọ ọ́ lójú bí ìgbà tí ilẹ̀ bá yọ orí láàárín òkun, ó sì pè wọ́n ní Inselberg. Ní èdè Jámánì, Insel ni erékùṣù, Berg sì ni òkè. Orúkọ yìí ni àwọn onímọ̀ ń lò káàkiri ayé títí di òní fún irú òkè tí ó wà ní Ìkàrẹ́, ní Ọ̀kà, ní Àkùngbá àti ní Ìdànrè. Nítorí náà, ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gbé Àkókó, tí o sì ṣí fèrèsé rẹ ní òwúrọ̀ yìí tí o rí òkè, àárín àwọn erékùṣù ni o ti jí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ kò kan omi.

Àwọn ọmọdé a máa rò pé ńṣe ni òkè hù láti inú ilẹ̀ bí olú. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àpáta tí ó di òkè yìí ti wà nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún tipẹ́tipẹ́. Àwọn onímọ̀ ka ọjọ́ orí púpọ̀ nínú àwọn àpáta ilẹ̀ wa sí ohun tí ó lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún. Ilẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ nígbà náà. Omi òjò ń rin inú ilẹ̀ lọ, ó ń gba ibi tí àpáta ti sán wọlé, ó sì ń sọ ọ́ di amọ̀ àti iyanrìn díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí àpáta ti ki, tí kò sán púpọ̀, omi kò rí i gbé ṣe. Nígbà tí ó yá, ọ̀gbàrá àti odò bẹ̀rẹ̀ sí í kó ilẹ̀ rírọ̀ náà lọ, títí orí àpáta líle fi yọ síta, bí ìgbà tí ọ̀gbàrá bá wọ́ ilẹ̀ kúrò lórí ìkòkò tí a rì mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Kì í ṣe pé òkè ga sókè, ilẹ̀ ni ó lọ sílẹ̀. Bí àpáta náà sì ti bọ́ lọ́wọ́ ẹrù tí ó wà lórí rẹ̀, ara rẹ̀ a máa bó ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà. Ìdí nìyí tí orí rẹ̀ fi rí róbótó.

Ìmọ̀ inú ìwé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìròyìn kò tó àfojúbà. Ní ọjọ́ Sátidé kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin mẹ́rìnlá gbéra láti Ìkàrẹ́. Olúkúlùkù mú omi, ẹ̀kọ àti àkàrà dání. Mo sì ti sọ fún wọn pé kí wọ́n wọ bàtà tí kì í yọ̀. Nígbà tí a dé Àkùngbá, a bá ibi tí ọ̀nà ti pín. Ibẹ̀ ni Yunifásítì Adékúnlé Ajásin wà, tí a fi orúkọ olóògbé Michael Adékúnlé Ajásin pè, ẹni tí ó jẹ́ gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, láti 1979 títí di ìparí 1983. Àwọn òkè dúró lẹ́yìn àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà bí ìgbà tí àgbàlagbà bá ń ṣọ́ ọmọ tí ń ṣeré. Títì ńlá ń bá tirẹ̀ lọ sí ọ̀nà Ọ̀wọ̀. Ọkọ̀ púpọ̀ ni ó ń sá bá a lọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: àwa yà sí ọ̀nà Ọ̀kà.

Ọ̀kà kì í ṣe ìlú tí ènìyàn lè dúró sí ojú kan kí ó rí tán. Àdúgbò rẹ̀ pọ̀. Àwọn kan wà ní ẹsẹ̀ òkè, àwọn mìíràn wà lókè pátápátá, ọ̀nà tí ó gòkè lọ bá wọn sì ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò. Nígbà tí a dé orí òkè, a kò kàn ṣáà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àpáta ká. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Ó sì ní àwọn tí ó mọ ìtàn rẹ̀. A kọ́kọ́ lọ kí bàbá arúgbó kan tí a júwe fún wa. Àwọn ọmọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àwọn ọmọbìnrin kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin ọmọ mi," ni bàbá wí. "Kí ni ẹ bá wá?"

Mo dáhùn pé, "Bàbá, a wá wo òkè ni."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú nù. Ó ní, "Ẹ wá wo òkè? Òkè ni ó ń wò yín láti ọjọ́ tí a ti bí yín!" Lẹ́yìn náà ó pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan pé kí ó mú wa lọ. Ó wá kìlọ̀ fún wa pé, "Ibi tí ẹ bá ti rí màrìwò, ẹ má ṣe kọjá níbẹ̀. Bí ẹ bá sì rí omi nínú kòtò àpáta, ẹ má ṣe fi ẹsẹ̀ dà á rú. Ẹyẹ àti ẹranko ni ó ni ín."

Bí a ti ń gun àpáta lọ, ọmọbìnrin kan dúró, ó na ìka sí ibi tí ara àpáta ti dúdú. Ó ní, "Sà, ta ni ó da epo sí òkúta lára?" Mo sọ fún un pé kò sí ẹni tí ó da epo. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-tìn-tín, tí ojú lásán kò lè rí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni ó bo ara àpáta tí ó fi dúdú bẹ́ẹ̀. Oòrùn ń pa wọ́n, ọyẹ́ ń gbẹ wọ́n, síbẹ̀ bí òjò bá ti kàn wọ́n, wọn a tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn. Ohun tí ọmọ náà pè ní àbàwọ́n, ìyè ni.

A rìn síwájú díẹ̀, a bá irú koríko kan tí ó so mọ́ àpáta gbọin-gbọin níbi tí kò sí ilẹ̀ rárá. Ó gbẹ, ó sì pọ́n bí koríko àjà ilé àtijọ́. Àwọn ọmọ ní ó ti kú. Èmi tí mo ti gun irú òkè bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ mọ̀ pé kò kú. Afrotrilepis pilosa ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é. Orí òkè erékùṣù ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ibùgbé rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi ara rẹ̀ a gbẹ tán, àwọ̀ ewé rẹ̀ a lọ. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rọ̀, kò ní í ju ọjọ́ díẹ̀ lọ kí ó tó tún tutù yọ̀yọ̀. Òun ni ó ń di ìwọ̀nba erùpẹ̀ tí atẹ́gùn bá gbé wá mú, tí àwọn ewéko mìíràn fi ń rí ibi hù sí. Bí ọmọdé aláìmọ̀kan bá fi ẹsẹ̀ tu ìdì rẹ̀ kan nínú eré, ohun tí ó gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún láti dàgbà ni ó fi ìṣẹ́jú kan bà jẹ́.

Nígbà tí a dé ṣóńṣó, gbogbo wa dákẹ́. Ọyẹ́ ti bo pẹ̀tẹ́lẹ̀ ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ bámúbámú. A kò rí títì, a kò rí oko kòkó, a kò rí òrùlé. Ohun tí a rí ni ìkùukùu funfun tí ó tẹ́ lọ bẹẹrẹ bí omi, tí orí àwọn òkè mìíràn sì yọ jáde nínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìkan níhìn-ín, ìkan lọ́hùn-ún. Ọmọbìnrin tí ó bèèrè ọ̀rọ̀ epo lẹ́ẹ̀kan ni ó kọ́kọ́ fọhùn. Ó ní, "Sà, erékùṣù ni wọ́n lóòótọ́." N kò tún ní láti ṣe àlàyé Bornhardt fún wọn mọ́.

Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ bàbá, ó fún wa ní omi, ó sì sọ ìtàn fún wa. Ní nǹkan bí igba ọdún sí àkókò yìí àti lẹ́yìn náà, ogun kò jẹ́ kí ilẹ̀ Yorùbá sinmi. Àwọn Tápà ń gun ẹṣin wá láti àríwá láti kó Àkókó lẹ́rú. Àwọn jagunjagun Ìbàdàn náà sì dé ìhà yìí. Ẹṣin tí ó ń sáré bí afẹ́fẹ́ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ kò lè gun àpáta. Ẹni tí ó wà lókè a máa rí ọ̀tá láti òkèèrè; bí ọ̀tá bá sì sún mọ́ tòsí, òkúta tí a bá yí sílẹ̀ tó ohun ìjà. Bàbá ní, "Àwọn ìlú mìíràn mọ odi. Àwa, Olódùmarè ti bá wa mọ tiwa." Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Ẹ̀gbá ṣe rí ààbò lábẹ́ Olúmọ nígbà tí wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó ní nǹkan bí ọdún 1830. Bí kò bá sí òkè, bóyá ẹni tí yóò máa jẹ́ ọmọ Ọ̀kà lónìí ì bá má sí.

Ẹ jẹ́ kí a yà díẹ̀ sí Ìdànrè, nítorí ibẹ̀ náà jẹ́ erékùṣù irú èyí, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí kan náà. Orí òkè ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé títí di ìdá kìíní ọ̀rúndún ogún. Ààfin àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Àkàbà tí ó gòkè lọ lé ní 600, kò sì sí ẹni tí yóò gùn ún tán tí kò ní í mí hẹlẹhẹlẹ. Láti 2007 ni Òkè Ìdànrè ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí orílẹ̀-èdè wa fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù lọ níbẹ̀ ni ti ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan. Arne Schiøtz, ọmọ Denmark, ni ó kọ́kọ́ fi í han àwọn onímọ̀ nínú ìwé ní 1963. Lẹ́yìn náà, ó ju 40 ọdún lọ tí ẹnikẹ́ni kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Àwọn onímọ̀, tí ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn, tún wá a lọ, wọ́n rí i, wọ́n sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2014. Yàtọ̀ sí orí òkè Ìdànrè, a kò tíì rí ọ̀pọ̀lọ́ yìí ní ibikíbi ní ayé. Nígbà tí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ mìíràn ń wẹ̀ nínú àbàtà, ọmọ tirẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ara àpáta níbi tí omi fẹ́ẹ́rẹ́ ti ń sun. Ẹ gbọ́ ná: ọlọ́rọ̀ tí ó bá ní owó láti yí gbogbo erékùṣù inú òkun po kò lè rí ọ̀pọ̀lọ́ náà. Ìdànrè ni yóò wá.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ọ̀kà. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, a bá ọ̀nà tí ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Èpìnmì. Èrèdí rẹ̀ ni pé mo fẹ́ kí àwọn ọmọ rí irú erékùṣù mìíràn, èyí tí etí ni a fi ń rí i. Àkókó kò tóbi púpọ̀, ṣùgbọ́n èdè tí ó wà nínú rẹ̀ pọ̀. Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ń sọ ẹ̀ka èdè Yorùbá tiwọn. Èdè Èpìnmì àti ti Ìṣùà bá èdè Ẹ̀dó tan. Àrìgìdì ní tirẹ̀. Ìkáràmù, Ìbáràmù àti Gèdègédé ń sọ èdè kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Akpes, tí kò sí ní ibòmíràn. Kí ni ó fa èyí? Ohun púpọ̀ ni, ṣùgbọ́n òkè wà lára wọn. Ibi tí òkè ti pín àwọn ènìyàn níyà, tí olúkúlùkù sì ti dúró sí ibi ìsádi tirẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn náà a dá dúró.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin wa ní ìyá àgbà ní Èpìnmì, ìyá tí ó bí ìyá rẹ̀. A yà kí wọn. Bí màmá ti rí i, ó dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó sì kí i ní èdè wọn, kíkí gígùn tí ó kún fún ayọ̀. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè dáhùn. Ó ní, "Ẹ kú ilé, Màmá," ní Yorùbá. Màmá dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n mo rí i pé ohun kan kúrò lójú wọn. Wọ́n wá fi Yorùbá sọ pé, "Ó dáa, ọmọ mi. N óò sọ èyí tí ẹ gbọ́." Wọ́n sì se iṣu fún wa, a jẹ, a yó.

Bí a ti ń padà bọ̀, ọmọ náà bá mi rìn ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó dákẹ́ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Nígbà tí ó ṣe, ó ní, "Sà, bí Màmá àti àwọn ẹgbẹ́ wọn kò bá sí mọ́, ta ni yóò máa sọ ọ́?" Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni, ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ sì ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùkọ́ Yorùbá mọ̀ pé odò ńlá kò gbọdọ̀ tìtorí pé ó jẹ́ odò ńlá kí ó bo orísun kékeré mọ́lẹ̀. Ohun tí a ń sọ pé kí èdè Gẹ̀ẹ́sì má ṣe fún Yorùbá, kí Yorùbá náà má ṣe é fún èdè Èpìnmì. Mo dá ọmọ náà lóhùn pé, "Ìbéèrè yẹn, n kò lè bá ọ dáhùn rẹ̀ láéláé. Etí rẹ àti ẹnu rẹ ni ó lè dáhùn." Nígbà tí a wọlé ní sáà tí ó tẹ̀ lé e, ó mú ìwé kékeré kan wá fi hàn mí. Orúkọ ẹ̀yà ara, orúkọ oúnjẹ, bí a ti í kí ènìyàn ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, ó ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láti ẹnu màmá. Ìwé náà kò ju ojú ewé mẹ́fà lọ. N kò tíì rí iṣẹ́ àṣetiléwá tí ó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó ku ohun kan tí a bá pàdé ní ọjọ́ náà. Kí a tó dé ilé, a gbọ́ ìró kan, gbì!, bí àrá nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ilẹ̀ mì díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ẹ̀tù ni wọ́n fi fọ́ òkè kan. Ọ̀pọ̀ ibi ni a ti ń fọ́ òkúta ní ilẹ̀ Àkókó. Òkúta wẹ́wẹ́ náà ni wọ́n ń kó sínú tírélà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe títì tí wọ́n sì ń kọ́ ilé. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Ẹni kan ní ó yẹ kí ìjọba lé àwọn afọ́kùúta lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Ọmọ mìíràn, tí baba rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí a ti ń fọ́ òkúta, fi ìbínú dáhùn pé, "Owó ibẹ̀ ni a fi san owó ilé ẹ̀kọ́ mi. Ṣé òkè ni kí a máa jẹ?"

N kò jẹ́ kí wọ́n bú ọmọ náà, nítorí òótọ́ ni ó sọ. Títì tí ó gbé wa dé Ọ̀kà, òkúta ni ó wà nínú rẹ̀. Ilé tí a ti ń kọ́ ẹ̀kọ́, òkúta ni a fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àpáta sì pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ẹni tí ó bá ní kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ kan òkúta kankan kò gbèrò bí ènìyàn yóò ti máa gbé ayé. Ṣùgbọ́n àpáta kì í ṣe igi: bí a bá gé igi, a lè gbin òmíràn. Àpáta tí a bá fọ́ lónìí, àti ọmọ wa, àti ọmọ ọmọ wa, kò sí ẹni tí yóò tún rí i mọ́. Nítorí náà, kí a tó fi ẹ̀tù sí i, ó yẹ kí ẹnì kan ti gun orí rẹ̀ rí, kí ó lè sọ ohun tí ó wà níbẹ̀: ibi tí àwọn baba wa sá sí, ewéko tí ó hù síbẹ̀, ẹranko tí ó ń mu omi rẹ̀. Kí a fọ́ èyí tí a mọ̀ pé a lè fọ́, kí a sì fi èyí tí kò ní ìdípò sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ òkè kan yàtọ̀ sí èkejì kò lè ṣe irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀. Òkúta lásán ni gbogbo rẹ̀ lójú rẹ̀. Ìmọ̀ yìí ni ìrìn-àjò afẹ́ wà fún. Kì í ṣe fún àwòrán yíyà nìkan.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ọlidé bá dé, ẹ má ṣe jókòó sílé máa ka àwọn erékùṣù tí ẹ kò tíì lówó láti lọ. Ẹ bẹ òbí yín tàbí olùkọ́ yín kí ẹ lọ wo èyí tí ó wà nítòsí. Bí ó bá di pé ẹ lè rìn jìnnà díẹ̀, Ìkògòsì wà ní Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé. Olúmirin wà ní Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí omi ti ń já bọ́ láti orí àpáta ní ìpele méje. Ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹ má ṣe dá nìkan lọ. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀. Ẹ lọ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kí oòrùn tó mú, ẹ má sì gun àpáta nígbà tí òjò bá sọ ọ́ di yíyọ̀. Ẹ má ṣe dáná sí orí òkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí iná tí ọdẹ kan dá láti fi lé eku a máa jó ohun tí ó gba ogójì ọdún láti hù. Ohun tí ẹ bá gbé lọ, ẹ gbé e padà. Ọ̀rá omi kì í ṣe ẹ̀yà ara àpáta. Bí ẹ bá sì bá àgbàlagbà níbẹ̀, ẹ jókòó tì í, kí ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Òkun kò yí Àkókó ká, kò sì sí ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé wa dé orí àwọn òkè rẹ̀. Ẹsẹ̀ wa ni ọkọ̀ wa. Àwọn baba wa gun òkè wọ̀nyí nítorí ẹ̀mí wọn, òkè sì gbà wọ́n. Ní ọjọ́ òní, kò sí ẹlẹ́ṣin tí ó ń lé wa; òkè ni ewu dé bá, àti èdè tí ó ti fara pamọ́ sí ẹsẹ̀ òkè. Ẹni tí a ti gbà sílẹ̀ rí, ó yẹ kí ó mọ bí a ti í gba ẹlòmíràn sílẹ̀.